Àmì Lẹ́bàá Ọkùnrin Inú Àwòrán

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kìíní
Malati, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má tún un ṣe.
Ìdì ìwé ewé ọ̀pẹ tí Ìyá Sarat, ìyàwó mi olóògbé, gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀ — ọdọọdún là ń fi osùn àti òdòdó bọ ọ́, a kì í tú u. Ìwé Ọlọ́run ni, a gbà bẹ́ẹ̀. Lónìí, ikán ti jẹ okùn rẹ̀. Ó tú ká sílẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin níhòòhò! Ìwé àtijọ́ ni, tó ń kọ́ tọkọtaya ní ohun tí wọn yóò ṣe lórí ẹní. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi kúnlẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 25
Mo tún wò ó. Èédú tí wọ́n fi kun ojú fínfín àwọn lẹ́tà àtijọ́ ti ṣá. Ṣùgbọ́n àmì kan náà wà lẹ́bàá ọkùnrin inú gbogbo àwòrán, èédú tirẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Ó ní láti jẹ́ orúkọ. Orúkọ ta ni? Ìyàwó mi ò mọ̀wé. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.
Malati ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú un wá kí n kà á.” Kí àbúrò mi obìnrin máa wo ìhòòhò? Rárá.

Ọjọ́ Ajé, 26
Gokuli ni! Òun ló ń fín ìwé sára ewé ọ̀pẹ nísàlẹ̀ ọjà. Mo bi í bóyá ó mọ ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín: “Bàbá, ta ni ò mọ Ìyá Sarat? Ó ra kálámù irin tí a fi ń fín ewé lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́.”
Ẹ wo ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́rú, 28
N kò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 29
Ọ̀túnla ló pé ọdún kan tó kú. Mo ní mi ò ní gbé ìrẹsì òkú kalẹ̀ fún un — kí Gokuli gbé e.
Malati gbaná jẹ: “Ọdún kan lẹ fi sunkún obìnrin yìí, ẹ wá fẹ́ febi pa á lọ́run nítorí àmì tí ẹ ò lè kà?”
Mo ju ewé kan sí i lẹ́sẹ̀.
Ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Uddhaba. Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín ni. Èmi ni mo kọ́ ìyàwó yín bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ìyẹn nìkan ló lóun fẹ́ mọ̀.”
Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀. Aya kì í pe orúkọ ọkọ níbí. Kò pè é rí, àní lọ́jọ́ tó ń kú lọ. Ọkọ náà kì í pe ti aya.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31
Ìrẹsì ti wà nílẹ̀. Mo ti ra okùn tuntun, ṣùgbọ́n mi ò tíì di ìwé náà. Ẹ̀gbẹ́ obìnrin inú àwòrán ṣófo. Kálámù irin rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.
Malati, kọ orúkọ tirẹ̀ síbí gàdàgbà, kí n wò ó fín: Kuntala.