Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ọ̀gá

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Ọ̀wàrà

Wọ́n pe àwa òbí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lónìí. A jókòó sórí àga àwọn ọmọ wa, gbogbo wa ká ọwọ́ gbera bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá wí. Alákòóso dìde, ó rẹ́rìn-ín. (Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè é nínú ikùn mi láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.) Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni Kíláàsì Ìsàlẹ̀ á máa wá. Kò sí Ọjọ́bọ̀ mọ́, kò sí Ẹtì mọ́. Olùkọ́ wọn á máa lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní ọjọ́ méjèèjì yẹn. Ó ní ká má pè é ní gígé o, àtúntò ni.

Èmi télọ̀ ni. Mo mọ ohun tí à ń pè ní gígé. Tí mo bá gé ṣòkòtò oníbàárà dé orúnkún, tí mo wá sọ fún un pé àtúntò ni, ojú mi á rí màbo.

Kíláàsì Ìsàlẹ̀ ni ti àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, tí wọ́n ń fẹ́ olùkọ́ tó ní sùúrù àti àkókò. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin mi wà. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀gá ni mo ń pè é, torí òun ló ń pàṣẹ nínú ilé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ lóòjọ́ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.

Ẹ̀kúnwọ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbà ìsinmi gígùn tó kọjá, ó jókòó sílé, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ sì dà nù. Ó padà sí nínawọ́ sí nǹkan. Ó pẹ́ kó tó tún rí wọn ṣà. Ní báyìí, ọjọ́ méjì nílé, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn (nọ́ọ̀sì ni), ó ní kí n má tíì bínú. Mo ti bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo ṣì ń bínú.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ọjọ́bọ̀ ìkẹyìn wọn. Mo lọ mú Ọ̀gá, gbogbo ọ̀nà ìsàlẹ̀ ń ta sánsán búrẹ́dì.

Kí n kọ èyí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé pé ẹnì kan ronú kàn án. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kò lè ka orúkọ ọjọ́. Olùkọ́ wọn (Olùkọ́ Kékeré, kò ga, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yí i lérò padà) ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dún méjì sẹ́yìn pé kí n rán épírọ́ọ̀nù fún wọn, aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ àyà ṣiṣẹ́. Àwọ̀ kan fún ọjọ́ kan. Ìyeyè fún Ajé, ọjọ́ ìfọṣọ. Pupa fún Ìṣẹ́gun, ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Funfun fún Ọjọ́rú, ọjọ́ ìwé àti ìṣirò. Àwọ̀ ewé fún Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ilé ìdáná. Búlúù fún Ẹtì, ọjọ́ ìta: bọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀bù, bí a ṣe ń sọdá títì. Ọ̀gá ń to tirẹ̀ sórí ìṣó lẹ́bàá ibùsùn. Òun ló ń sọ fún mi ọjọ́ tí a wà.

Olùkọ́ Kékeré ní òun gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn pé ó parí. Akọrin, ọmọkùnrin tó máa ń kun orin lábẹ́lẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ló bi í pé, "Ọjọ́bọ̀ ń lọ síbo?"

Ọjọ́bọ̀, 16

Ọgbọ́n ti tán, mo rò pé mo ní òmíràn. Mo rán épírọ́ọ̀nù tuntun, aláwọ̀ ilẹ̀, àpò méjì níwájú. Mo ní èyí ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ilé, èmi ni olùkọ́. Ọ̀gá wò ó. Ó yẹ rírán rẹ̀ wò, mi ò purọ́. Ó ká a dáadáa, ó lọ tò ó sáàárín aṣọ àwọn oníbàárà tí mo ti rán tán. Lọ́sàn-án, baba awakọ̀ tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ kó o lọ mọ́ ọn. Ó tẹ̀ mí láago lẹ́yìn náà, ó ń dúpẹ́, ó ní ìyàwó òun fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀gá wọ aláwọ̀ ewé, ó wọ bàtà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kò jẹun. Mo bá a sọ̀rọ̀, mo pa àwàdà, mo kọrin pàápàá, èmi tí ohùn mi kò dára. Ó ń wo ọ̀nà.

Ẹtì, 17

Bákan náà. Búlúù. Nígbà tí òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó nawọ́ sí ìkòkò. "Omi" wà lára ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ní láyé rẹ̀. Ó nawọ́ sí i.

Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Mo gbé méjèèjì pamọ́, aláwọ̀ ewé àti búlúù, sábẹ́ aṣọ ìbora nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá ti rí wọn kí n tó jókòó. Ó gbé wọn padà sórí ìṣó, ó wá wò mí bí ẹni ń wo olè tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ìbínú ò da nǹkan fún ni, Baba Ọ̀gá. Sùúrù ni baba ìwà." Mo ní sùúrù ti bímọ tirẹ̀ tán, kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 22

Ìyá Akọrin tẹ̀ mí láago. Akọrin kò kun orin mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ò mọ̀ pé ilé òun lè dákẹ́ tó báyìí. Mo ní tiwa náà ti dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 23

Kí n rọra kọ ọ́.

Oníbàárà kan wá láàárọ̀, ó ní mo dín ìbàdí ṣòkòtò òun kù. Mo ní ìbàdí rẹ̀ ló pọ̀ sí i. A ń fà á, mo yíjú padà, àga Ọ̀gá ti ṣófo. Mo fi oníbàárà àti ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀. Mo dé ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì ti lọ.

Kò dá lọ sí ibì kankan rí. Ní ọjọ́ Ẹtì, Olùkọ́ Kékeré máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á fi í sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n ó wà lẹ́yìn. Títì ńlá wà láàárín, ọkọ̀ ń sáré lọ́tùn-ún lósì. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ tó dára ni gbogbo rẹ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wà ní títì pa. Níwájú rẹ̀, gbogbo ọmọ Kíláàsì Ìsàlẹ̀ tò. Gbogbo wọn nínú àwọ̀ ewé. Àwọn ìyá àti baba kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ń tì wọ́n. Apá wọn ni kò ká ọmọ nílé mọ́ tí wọ́n fi mú un wá. Kò sẹ́ni tó pe ẹnìkejì rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, wọ́n wá. Ọ̀gá nìkan ló dá wá. Ó dúró síwájú pátápátá.

Olùkọ́ Kékeré sáré sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Ó wo ìlà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ọ̀gá, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé kí ló fẹ́. Mo la ẹnu láti bá a dáhùn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Olùkọ́ Kékeré di apá mi mú.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ ṣí i."

Ẹlẹ́rìn-ín ṣí i. Wọ́n wọlé, wọ́n fọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun. Nígbà tó yá mo gbọ́ Akọrin lábẹ́lẹ̀, ó ti ń kùn.

Ẹtì, 24

Ẹlẹ́rìn-ín ránṣẹ́ pè mí. Ó gbóríyìn fún Ọ̀gá. Ó ní ọmọ tó lè dá wọ bọ́ọ̀sì wá ti tẹ̀ síwájú gan-an, pé ó hàn báyìí pé ọjọ́ mẹ́ta tó o.

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló ń dùn. Mo ní, "Ọjọ́ Ẹtì ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀sì wíwọ̀. Ẹ̀yin lẹ gba ọjọ́ Ẹtì." Mo tún sọ àwọn nǹkan mìíràn. Mo lu tábìlì, tíì rẹ̀ dà. Tíì yẹn nìkan ló dùn mí.

Olùkọ́ Kékeré kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ la máa ń dín kù, sà." Ó sọ fún un bí Ọ̀gá ṣe ṣe lẹ́yìn ìsinmi gígùn, ó sọ ti Akọrin. Ẹlẹ́rìn-ín ń nu tábìlì, kò wò wá.

Ọjọ́ Ajé, 27

Wọn ò jẹ́ kí n lọ lónìí. Ìyá Ọ̀gá àti Ìyá Akọrin ló lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín. Mo jókòó ti maṣíìnì mi, mo rán apá aṣọ kan sódì, mo tú u.

Ìyá Ọ̀gá ní Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin náà sọ fún wọn pé òun dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Ọjọ́bọ̀, òun wo bí wọ́n ṣe po ìyẹ̀fun títí búrẹ́dì fi jáde, pé láti ọjọ́ tí òun ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, òun ò dé ìsàlẹ̀ wò wọ́n rí lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ ni kò tó lókè, òun ò sì mọ ibòmíràn tí òun ti lè rí i. Ó ti wá ẹlòmíràn sí òkè fún Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ padà. Ti Ẹtì, ó ní ká ṣì máa wò ó.

Mo ní ìdajì ni. Ìyá Ọ̀gá ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà." Inú mi dùn, mi ò jẹ́ kó hàn sójú.

Ọjọ́bọ̀, 30

Wọ́n yan búrẹ́dì. Ọ̀gá mú kan bọ̀ wálé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jóná. Nídìí oúnjẹ ó ní, "Omi." Mo bu ife mẹ́ta fún un.

Ẹtì, 31

Láàárọ̀ mo sọ fún un pé kò sí ilé ìwé lónìí. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó wọ búlúù. Kò sóhun tí mo lè ṣe. Mo wá bàtà mi, mo fẹ́ sìn ín lọ.

Ó wo bàtà náà. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá."

Mi ò rántí ìgbà tó pè mí kẹ́yìn. Mo jókòó.

Mo wò ó láti ojú fèrèsé. Ó dúró létí títì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jẹ́ kí ọkọ̀ kan kọjá, ó tún jẹ́ kí òmíràn kọjá, tí èmi ì bá ti sọdá. Ó sọdá. Mi ò dìde.

Ìyá rẹ̀ pè láti ibi iṣẹ́, ó béèrè rẹ̀. Mo ní ó ti lọ sílé ìwé. Ó ní ṣebí kò sí ilé ìwé lónìí. Mo ní mo sọ fún un.

Olùkọ́ Kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí láago báyìí. Ọ̀gá ti dé. Àwọn mẹ́rin ló ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn yòókù ń bọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ń wá kọ́kọ́rọ́.