Ẹ̀rọ Ìránṣọ Ìyá Rẹ àti Kọ̀ǹpútà Tòkúnbọ̀ Tí O Fẹ́ Rà

Agboolé Ṣàngódèyí,
Ìlọ́bù.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, 1998.

Hameed ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ṣé ikọ́ náà ti lọ? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kò dùn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Òjò pọ̀ jù lọ́dún yìí, iṣu kò ta dáadáa, ewúrẹ́ ará ilé kejì sì ti jẹ ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sẹ́yìn ilé tán. Eyín mi kan tún ti bọ́. Ìròyìn ilé nìyẹn.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. O ní kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n sì ń pa dé bí ìwé, pé bí o bá rí i rà wàá máa fi tẹ ìwé fún àwọn èèyàn, o ò ní wá iṣẹ́ kiri mọ́. O ní tuntun rẹ̀ kọjá agbára rẹ, àmọ́ oníṣòwò kan ní tòkúnbọ̀, tó ti tú, tó sì ti tún ṣe. O ní owó ọwọ́ rẹ kù díẹ̀ kó tó o, kí n ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ, nítorí kò sẹ́ni tó ń lò ó láti ìgbà tó ti kú. O bi mí pé kí ni mo rí sí i. Ohun tí mo rí nìyí.

O ní oníṣòwò náà ti pa gbogbo ohun tó wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà rẹ́, pé ó mọ́ tónítóní. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun. O mọ Bámigbóyè tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Ọpọlọ tiẹ̀ náà mọ́ tónítóní, kò dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́, àná ló jókòó síta wa tó ń bi mí pé ta ló ni ilé òun. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wàá gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ lé lọ́wọ́? O tún ní yóò fún ọ ní ìwé pé bó bá bàjẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, òun yóò gbà á padà. Hameed, ẹni tó ń ka ọjọ́ fún nǹkan ti mọ ọjọ́ tí nǹkan ọ̀hún máa kú. Òkú gan-an, ogójì ọjọ́ là ń ṣe fún un. Kí ló dé tí tiẹ̀ kò pé ogójì?

Èmi kò sọ pé tòkúnbọ̀ kò dára o. Ẹ̀rọ ìyá rẹ pàápàá, àlòkù ni. Ní Kùmásì ni mo ti rà á lọ́wọ́ opó kan, ọdún méjì kí wọ́n tó lé wa wálé ní 1969. Mi ò kàn sanwó. Mo ní kó tú ikùn rẹ̀ fún mi wò, ìyá rẹ fi ránṣọ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì bèèrè ẹni tó ń lò ó àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ tà á. Opó náà ní ọkọ òun ló ń lò ó, ó ti kú, ẹbí ti pín ogún, ojú ẹnikẹ́ni kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi gbé e. Òun la fi bọ́ ọ, òun la fi rán ọ níléèwé.

Ìwọ, ta lo bi? Òyìnbó wo ló ni kọ̀ǹpútà náà? Ṣé ó kú ni, àbí wọ́n jí i gbé lọ́wọ́ rẹ̀? Má gbé ogún tí ẹbí olóògbé ṣì ń wá kiri wọ yàrá rẹ.

Bí mo ṣe ń bínú nìyẹn títí di Àlàmísì. Nímọ́tà tó ń ta aṣọ ní Ìfọ́n mú Toyibat ọmọ rẹ̀ wá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀mù iṣẹ́ ìránṣọ, ó ń wá ẹ̀rọ, mo sì gbé ti ìyá rẹ jáde fún wọn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó yí ẹ̀rọ náà wò, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ni Nímọ́tà bá ní kí n má bínú, ta ló ń lò ó, kí ló dé tí a fi fẹ́ tà á. Mo ní kí wọ́n kàn sanwó, kí wọ́n máa gbé e lọ. Ó ní àwọn kò lè gbé nǹkan òkú láìjẹ́ pé ará ilé fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, ó sì fìdí kalẹ̀, ó ní àwọn yóò dúró. Nígbà tó yá, mo gbé ọwọ́ lé e, mo ní Mọ́ríátù ìyàwó mi ló ni ín, ó ti kú, a yọ̀ǹda rẹ̀, ojú wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Irọ́ ni mo pa, Hameed. Ojú mi wà níbẹ̀. Àmọ́ mo sọ ọ́, wọ́n sì gbé e lọ.

Àwọn ará ilé ń bú mi pé mo ta nǹkan ìyá rẹ fún ará Ìfọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àárín àwa àti wọn gbóná báyìí. Mo ní ilẹ̀ là ń jà lé, ẹnikẹ́ni kò jà lé aṣọ. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kò kàn mí.

Owó náà wà lọ́wọ́ Ọlátúnbọ̀sún awakọ̀, bí Nímọ́tà ṣe dì í ni mo ṣe fi ránṣẹ́. Ra kọ̀ǹpútà náà bí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tú ikùn rẹ̀ lójú rẹ, kí o fi ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kí oníṣòwò náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ni ín. Bí kò bá lè sọ ọ́, gbé owó rẹ máa lọ.

Nínú oṣù Rájábù ni ọdún ìyá rẹ máa pé, a ó sì ṣe sàráà. Owó tí kọ̀ǹpútà náà bá kọ́kọ́ pa, kì í ṣe tìrẹ, fi ránṣẹ́ fún sàráà náà, kí o sì fi díẹ̀ sí i fún oògùn ojú mi, mi ò rí ìlà ìwé dáadáa mọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kó bọ́ ọ bí ti ìyá rẹ ṣe bọ́ ọ. Kí o má fi owó ẹkún ra ẹkún. Bó bá sì bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, má kọ ọ́ sí mi. Kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọládiípọ̀ Ṣàngódèyí.