Rósì tí Bàbá Mi Gbìn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Bàbá mi ló gbin igi rósì kan sẹ́yìn ilé wa ní Ajara. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣaláìsí, Màmá ló ń tọ́jú rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mọ̀lẹ́bí ta ilé náà, a sì kó lọ sí Morogbo. Màmá ní àwọn ò ní fi rósì náà sílẹ̀. Èmi ni mo hú u, mo sì gé gbòǹgbò rẹ̀ jù. Ó ti gbẹ pátápátá.

Ojú Màmá ò ríran mọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé ó ti rúwé?"

Màá ní, "Ó ti ń rú, Màmá."

Lánàá, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ fọwọ́ kàn án. Mo ní ilẹ̀ ń yọ̀, ó di Sátidé.

Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì. Ṣé kí n gbìn ín síbẹ̀ kí n dákẹ́ ni, àbí kí n jẹ́wọ́? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Gbogbo ẹ̀ ti sú mi.