Ẹsẹ̀ Inú Fódà

Ajé, 4 oṣù kẹta
Pupa lónìí náà. Mi ò tíì bọ́ báàgì léjìká, iná ojú Alágídí ti pọ́n ròrò. Alágídí ni mo sọ sáfà wa — kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú gbogbo iṣẹ́ ilé ìwòsàn ẹsẹ̀ yìí. Ó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ síbòmíì lálaalẹ́, kí ohunkóhun má bàa ṣòfò. Báákọ́ọ̀pù, bí wọ́n ṣe ń pè é. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kì í ṣe é parí.

Ọ̀gá wa, Ṣé-Ó-Ti-Parí, ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mu omi. Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni. Mi ò mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Ìṣẹ́gun, 5
Mo pa á, mo tan án. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Pupa.

Ọjọ́rú, 6
Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́! Fódà kan ló ń jẹ́ TEMP. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ju pàǹtí iṣẹ́ rẹ̀ sí: àwọn fáìlì tó ń dá fún ìgbà díẹ̀, tó sì ń pa wọ́n rẹ́ fúnra rẹ̀. Báákọ́ọ̀pù á ka gbogbo ohun tó bá níbẹ̀, á wá máa dà wọ́n kọ láti A lọ. Kó tó dé S, àwọn tó kà ti pòórá. Bí ẹni tó ka àlejò, tó lọ gbé omi wá, tó bá àga kan lófìfo — dípò kó fún àwọn yòókù lómi, ó gbé omi náà kalẹ̀, ó lọ sùn. Ìbínú burúkú!

Mo ní kí báákọ́ọ̀pù má yà ní TEMP mọ́. Mo sì ní kí TEMP máa gbá ara rẹ̀ mọ́ bílẹ̀ bá ti ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 7
Àwọ̀ ewé! Àwọ̀ ewé! Mo jó yí àga ká. Ṣé-Ó-Ti-Parí bi mí, mo ní ó ti parí. Ó wò mí bí ẹni tí mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán — ayọ̀ mi ò pẹ́. Pápá wọlé. Òun ni àgbà tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ fún àwọn tí wọ́n gé tiwọn. Gbogbo wa là ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún tó kọjá ló gbà láti fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, olè ti jà mí o." Mo ní kí ni wọ́n kó, sà. Ó ní ẹsẹ̀ ni. Gbogbo ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó ti kó jọ. Mo ní níbo lẹ kó o sí? Ó ní, "Inú fódà mi náà ni. Èyí tí ẹ kọ orúkọ mi sí. Tèmi, P."

T-E-M-P. Tèmi — P ti Pápá! Èmi ni olè náà: èmi ni mo ní kí TEMP gbá ara rẹ̀ mọ́. Ó ní orí òun wú lọ́jọ́ tóun kọ́kọ́ rí i, pé ilé iṣẹ́ rántí òun débi pé wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fóun. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó yà á sọ́tọ̀. Mo kàn ní kó fún mi láàyè díẹ̀.

Ẹtì, 8
Àwọn ẹ̀dà tó kú sójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà! Ó yẹ kí n ti pa wọ́n rẹ́. Ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí n ṣe é. Mo rí Aránṣọ, mo rí Bíríkìlà, mo rí Ìyá Ìbejì — Pápá kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ tàbí àpèlé wọn ló fi ń sọ fáìlì. Gbogbo wọn pé, àfi ẹyọ kan. Tíṣà. S ni báákọ́ọ̀pù ti ń kú, T sì ń bẹ lẹ́yìn S.

Nínú gbogbo wọn, ó wá jẹ́ Tíṣà. Ilé ẹ̀kọ́ ti ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Igi ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ìwọ̀n yẹn ni Pápá fẹ́ fi gbẹ́ ẹ. Mo sọ fún Pápá pé fáìlì náà ti lọ, kò bínú. Ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Pè é kó wá."

Àbámẹ́ta, 9
Mo pè é, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pa ìwọ̀n rẹ̀ rẹ́. Ó jágbe mọ́ mi. Ó ní ṣé mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì wọ ọkọ̀ méjì wá? Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ajé.

Àìkú, 10
Mo lọ síbi iṣẹ́, mo tún wá Tíṣà nínú àwọn ẹ̀dà náà; mi ò rí i.

Ajé, 11
Tíṣà dé. Mo kí i, ó kọjá lọ bá Pápá. Pápá fi tépù wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó ní òun ò rántí iye ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí kún ọwọ́ òun nígbà yẹn. Ó ti rù. Ká ní a rí fáìlì náà ni, ẹsẹ̀ tí à bá gbẹ́ ìbá máa yọ̀ níbẹ̀, ìbá sì bó o lára.

Nígbà tí Tíṣà lọ tán, Pápá jókòó tì mí. Ó ní kí kọ̀ǹpútà tó dé, òun máa ń tún ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni wọ̀n kí òun tó fi ọ̀bẹ lé igi. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní òun ti tọ́jú ìwọ̀n, Pápá náà sì gbà á gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14
Tíṣà dìde! Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn padà. Lọ́la ló máa wọ kíláàsì. Ó dì mọ́ Pápá, ó wá kí mi — "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pa mí rẹ́." Mo sunkún lójú gbogbo ènìyàn, ojú ò tì mí.

Ẹtì, 15
Ara Alágídí balẹ̀. Pápá fa àga sún mọ́ mi. Ó ní gbogbo àwọn tó kù yìí, ìwọ̀n inú fódà lòun fi gbẹ́ tiwọn; ká pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ká bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ bá wọn mu.

A bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Aránṣọ. Inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ ohùn Pápá. Ó kí i, ó kí ará ilé rẹ̀, ó gbàdúrà fún un. Pápá ní ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ní a dúpẹ́, òun ń fi tẹ ẹ̀rọ òun dáadáa. Ojú ibi tí wọ́n gé kàn máa ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni. Pápá bi í láti ìgbà wo. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti gbé ẹsẹ̀ náà lọ sílé. Ó ní òun rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.