Gíláàsì Yàrá Àwọn Ìkókó

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ilé ìgbẹ̀bí tuntun parí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ kiri, láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé títí dé ibùsùn tó kángun sí ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tó níbi gbogbo. Wọn ò ní í tan iná kankan lọ́sàn-án. Gíláàsì aláwọ̀ ewé tí mo yàn ń lé ooru sẹ́yìn — yàrá tutù minimini. Ọ̀gá Paná — orúkọ tí mo sọ ọ̀gá wa nínú ọkàn mi, torí kò sí yàrá tó wọ̀ tí kì í pa iná ibẹ̀ — rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Mo buwọ́ lùwé pé yàrá náà yẹ ní lílò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mátírọ̀nì ilé ìgbẹ̀bí pè mí. Ó ní àwọ̀ gbogbo ọmọ jọra nínú yàrá yẹn, ara òun ò gbà á. Mo ka nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ tí mo wọn fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, nọ́ńbà kọ́ ni mò ń wò. Ojú ọmọ ni." Mo ní yóò mọ́ ọn lára. Mo tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ́fíìsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Òjò. Iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn. Mátírọ̀nì tún pè; n kò pè é padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Ó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọjọ́ márùn-ún. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi bí i, ìyẹn ni wọn ò ṣe tètè lọ sílé. Jọ́ńdíìsì, àìsàn tí í mú ara ọmọ pọ́n. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́ta ni ara rẹ̀ ti ń pọ́n, ẹnikẹ́ni ò rí i. Abẹ́ gíláàsì mi ni. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbé e jáde sí gbangba láti máa lọ, tó rí ẹyinjú rẹ̀ tó pupa rúsúrúsú, ló figbe bọnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Mo lọ dúró nínú yàrá náà. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ṣí fèrèsé, mo na ọwọ́ náà síta, mo tún un wò. Bí ọwọ́ ẹni méjì. Mo wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, n kò wo irú èyí tó jẹ́. Mátírọ̀nì kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ajé, 24
Ọ̀gá Paná ní kí n kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì ni kò lajú sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Ìlà mẹ́rin. Mo fà á ya. Mo kọ òmíràn: èmi ni mo yan gíláàsì, wọ́n kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́. Ó kà á tán, ó nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin
Wọ́n ti ń yọ gíláàsì náà.
Ẹ̀mí ọmọ náà wà. Dókítà ní àìsàn náà ti ba etí rẹ̀ jẹ́, kò gbọ́ nǹkan. Mo wá ìyá rẹ̀ lọ sílé. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tí mo ṣe, mi ò fi nǹkan kan bò. Ó ń gbọ́ mi, ó ṣáà ń tàka lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó sún fún mi lórí ẹní.
"Ẹ bá mi pè é. Bóyá ohùn tiyín ni yóò gbọ́."
Mo kúnlẹ̀. Mo pè é. Mo tún pè é. Àjà ló ń wò.