Ọ̀nà Òkè, Ọ̀nà Odò

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Kòséwu — ọ̀gá wa ni, orúkọ tí mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi nìyẹn, torí kò sóhun tí wàá sọ fún un tí kò ní ní "kò séwu" — rán mi sáwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí táwa oníṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń lẹ àmì mọ́ ẹrù, ìyẹn ìpè àti ìsọfúnni tó ń gba wáyà wa. Mo ní kì í ṣe idán. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà á ka àdírẹ́sì lẹ́ẹ̀kan péré, á lẹ nọ́ńbà kékeré kan mọ́ ọn. Àwọn ẹ̀rọ àárín ò tún ka àdírẹ́sì mọ́. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń wò, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á tì í síwájú. Àwa fúnra wa la máa ń yan ọ̀nà tó máa gbà. Ìpè pàjáwìrì á ní ọ̀nà tiẹ̀, àwọn tó ń wo fíìmù ò ní dí i lọ́wọ́. Tí ọ̀nà òkè, wáyà tó gba orí òkè, bá já, àmì kejì ti wà nílẹ̀: ẹrù á yà sí ọ̀nà odò, wáyà tó gba abẹ́ afárá, kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Obìnrin kan bi mí bóyá ẹni tó ń pè tiẹ̀ máa mọ̀. Mo ní kò ní mọ̀. Mo yangàn díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Àǹtí pè — ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílùú òdìkejì odò. Oyún ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Dókítà ní tí orí bá ti ń fọ́ ọ, tójú rẹ̀ ń ṣú, kó pe pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Gbogbo fóònù ìlú wọn, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà kọjá. Ó ní ṣebí àbúrò òun ló ni wáyà, kí lòun fẹ́ máa bẹ̀rù sí.

Ọjọ́bọ̀, 10

Òjò. Òjò ṣáá.

Ọjọ́ Ajé, 14

Nǹkan kan ò lọ déédéé. Ẹrù tó ń lọ sí òdìkejì ń pẹ́ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Etí ò lè mọ̀ ọ́n o, ojú ẹ̀rọ nìkan ló ti hàn. Mo sọ fún Kòséwu. Ó bi mí bóyá oníbàárà kankan fẹjọ́ sùn. Kò sí. Ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀. Ariwo ìkìlọ̀ ọ̀nà òkè ńkọ́? Ó ti pa á látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ó ń da òun láàmú.

Ọjọ́rú, 16

Oníwáyà mi — ọkọ mi, òun ló ń so wáyà iléeṣẹ́ wa — ti gba iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, kó gé wáyà ògbólógbòó abẹ́ afárá, kó fi tuntun rọ́pò. Ọ̀nà odò nìyẹn! Kòséwu ní ó kàn wà níbẹ̀ lásán ni, nǹkan kan ò gbà á. Mo gbé àwo oúnjẹ tì. Oníwáyà ní bójú mi ṣe rí yìí, kí n kúkú lọ gé e fúnra mi, kóun jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo bẹ Kòséwu pé kí wọ́n sún iṣẹ́ náà síwájú títí ẹnì kan á fi gun òkè lọ wò ó. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Inú bí mi, mo jáde.

Ẹsẹ̀ Àǹtí ti wú.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Láàárọ̀, mo pe bàbá tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀rọ orí òkè. Ó ní ilẹ̀ ti ya lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wó lé ibi tí wáyà gbà. Òun sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní a jẹ́ pé wáyà ò já nìyẹn, ṣebí ìpè ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìpè ń lọ. Àmì ti yí gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà odò, wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Mo pe Oníwáyà mi. Ó ní òun ti gé e. Ó ní ó ya òun lẹ́nu, òun rí iná tó fi hàn pé nǹkan ń gbà á kóun tó gé e, òun sì pe Kòséwu. Ìyẹn ní iná àyẹ̀wò lásán ni. Mo ní kó so ó padà, kó so ó padà. Mo ń sunkún.

Mo pe Àǹtí. Kò lọ.

Ọjọ́ kan náà, ìrọ̀lẹ́

Ó ti so ó. Gbogbo ojú ẹ̀rọ ti di àwọ̀ ewé. Àwọn pàjáwìrì ní ìpè kankan ò wọlé látòdìkejì látàárọ̀. Oníwáyà mi ti gun alùpùpù kọjá afárá, ó ń lọ sílé Àǹtí.

Fóònù Àǹtí ti ń lọ báyìí. Mo pè é, mo tún pè é. Ó ń dún dáadáa. Kò gbé e.