Fèrè Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré

Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1991.

Wàhábì Àkànní, ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jókòó kà á. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yẹ̀ ní Èkó. Òjò kò tíì rọ̀ níhìn-ín, ilẹ̀ le bí òkúta, ẹ̀gẹ́ kò ṣe é wú. Ìyá rẹ ṣì wà lórí ẹní, láti ààwẹ̀ tó kọjá ni kò ti sọ̀rọ̀, ààwẹ̀ mìíràn sì ti dé tán.

Mo rí fọ́ọ̀mù gbà, èyí tí ọ̀gá yín tó fẹ́ ra ọkọ̀ ojú irin kékeré mi fi ránṣẹ́. O ní owó rẹ̀ ni a ó fi ra oògùn ìyá rẹ. Wọ́n bèèrè bóyá ojúlówó ni, mo kọ rárá, nítorí n kò lè purọ́: ojúlówó ni èyí tí mo ń kó èédú sínú iná rẹ̀ ní Láfẹ́nwá, tó ń gbé ènìyàn. Èyí kò ju ọmọ ajá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná àti omi ló fi ń rìn bíi ti ńlá, òyìnbó ọ̀gá mi ló fi ta mí lọ́rẹ nígbà tó ń lọ sílé. Wọ́n bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀, mo kọ pé ọdún tí a já ọ lẹ́nu ọmú ló dé ọwọ́ mi. Wọ́n fẹ́ fọ́tò, Zachariah onífọ́tò gbé e sórí àga, ó sì ní kí n dúró tì í, kó má baà dà bí ẹni tí kò ní ẹbí.

Wọ́n tún bèèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Èyí ni n kò mọ̀. Mo gbé e lọ bá Láwàl tó ń tún sítóòfù ṣe. Ó tì í bọ omi, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó ní ojú méjì ló ń jò, àti pé agbọ́n ti fi amọ̀ dí fèrè rẹ̀. Ó yọ amọ̀ náà, ó fi òjé dí ibi tó ń jò, ó fi epo sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní kí Bàbá má bá a ṣe agídí o, pé inú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Mo dáná sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fèrè fọn, òjé yọ́, omi sì dà pa iná. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ láti inú yàrá. Ó ní Bàbá Wàhábì ti dé, kí wọ́n gbé omi ìwẹ̀ kaná. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí ní Láfẹ́nwá tó bá gbọ́ fèrè wa.

Mo sáré wọlé, mo ní èmi rèé. Ó wò mí títí, ó ní kí n jókòó, pé ọkọ òun kò ní pẹ́ wọlé.

Láti ìgbà náà ni kò tún ti sọ̀rọ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Oògùn ọdún kan kò ṣe ohun tí fèrè yẹn ṣe. Àbí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Mo bi àfáà, ó ní kí n ṣe sùúrù. Mo ti ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn. Èrò tèmi ni pé mo pẹ́ kí n tó wọlé. Bí mo bá wọlé bí fèrè ṣe ń fọn gan-an, bóyá yóò mọ̀ mí.

Nítorí náà, bá mi bẹ ọ̀gá yín, n kò tà á mọ́. Fi owó òjé ránṣẹ́, Láwàl ní òun lè tún un dí lẹ́ẹ̀kan sí i, kò dá a lójú ju ẹ̀ẹ̀kan náà lọ. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́, Àkànní. N kò lè wà nídìí iná kí n tún wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ ni kó wá bá mi dáná sí i.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé omi ìwẹ̀ kaná. Kí Ọlọ́run mú ọ délé ní àsìkò, kí àwọn ọmọ tìrẹ má ṣàì mọ̀ ọ́ bí o bá wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ìyá rẹ ń retí.